Orúkọ Ewé: Níbi tí Lítíréṣọ̀ àti Sáyẹ́ǹsì ti Pàdé

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Òsí, mo ń kọ́ àwọn tí ń múra fún ìdánwò àṣekágbá ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Mo mú asofẹ́yẹjẹ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó, mo sì tú u palẹ̀ báyìí: a + so + fún + ẹyẹ + jẹ. Mo fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n, mo fi ìpajẹ fáwẹ́lì hàn wọ́n, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ẹyẹ bá ń jẹ èso rẹ̀, ṣé ènìyàn náà lè jẹ ẹ́?”

N kò rí èsì fún un. Mo ní kí ó lọ bi olùkọ́ báyólójì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, nítorí pé mo ti tú orúkọ ewé palẹ̀ tán láìmọ ewé náà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti orí ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ lọ sínú igbó, tí ó já èso náà, tí ó sì fi sẹ́nu, ta ni à bá dá lẹ́bi?

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé orúkọ ewé wà lára ohun tí ó kúrú jù lọ nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa, àti pé àkíyèsí tí ó jinlẹ̀ wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ àkíyèsí kì í ṣe ẹ̀rí. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kò sì lè mọ̀ ọ́n bí kò bá kọ́kọ́ wo ewé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ewé ni ó yẹ kí a wò kí a tó túmọ̀ orúkọ rẹ̀.

Ògiri tí ó wà láàárín ìmọ̀ méjèèjì

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1959, C. P. Snow, ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó sì tún jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, sọ àsọyé kan ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣàròyé pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti dà bí ará ìlú méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Òsí tàbí ní Ìlọ́fà mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ọmọ bá ti kúrò ní kíláàsì kẹta, a ó pín in: èyí sí sáyẹ́ǹsì, èyí sí áàtì. Inú ẹni tí ó lọ sí sáyẹ́ǹsì máa ń dùn pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àmì ohùn. Inú ẹni tí ó lọ sí áàtì a sì máa dùn pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ máíkíróskópù. Nígbẹ̀yìn, ẹni tí ó mọ orúkọ Látìn tí ewé ń jẹ́ kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, ẹni tí ó sì mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é kò mọ ohun tí ó wà nínú ewé.

Àwa lámèyítọ́ náà kò yọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ọfọ̀. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984, ti là á yé wa bí ìfọ̀rọ̀dárà ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín orúkọ ohun èlò àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń gbé ìfẹ́-inú ọlọ́fọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni àwa tí a tẹ̀ lé wọn ń gbà ṣìnà. Àwọn kan dúró sí ibi ìfọ̀rọ̀dárà. Lójú wọn, ewé inú ọfọ̀ kò yàtọ̀ sí ìró lásán. Àwọn mìíràn sì ń kéde pé gbogbo ohun tí baba wa sọ nípa ewé ni sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní òyìnbó kàn wá jí i ni. Àwọn ti àkọ́kọ́ fojú tín-ín-rín ọgbọ́n àwọn baba wa. Àwọn ti èkejì kò jẹ́ kí a dán ọgbọ́n náà wò. Kò sí èyí tí ó lè dá ọmọbìnrin kíláàsì mi lóhùn.

Ìhun orúkọ ewé

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a wo ìhun àwọn orúkọ wọ̀nyí, nítorí àwọn tí ń múra ìdánwò. Oríṣi ìhun márùn-ún ni mo fẹ́ mẹ́nu bà.

Èkínní ni èyí tí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún àpólà-ìṣe, bí asofẹ́yẹjẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé nígbà tí fún àti ẹyẹ pàdé, fáwẹ́lì fún ni a pa jẹ, ṣùgbọ́n ohùn òkè orí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nínú ẹyẹ. Èkejì ni àpólà-ìṣe tí ó di orúkọ láìgba àfòmọ́ kankan, bí patanmọ́, tí í ṣe pa + itan + mọ́, àti dágunró, tí í ṣe dá + ogun + ró. Nínú méjèèjì, fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni a pa jẹ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tí a so pọ̀, bí imí-eṣú àti ẹrú-ọ̀dúndún. Ẹ̀kẹrin ni àpètúnpè, bí rinrin àti tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni odidi ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn tí ó di orúkọ, bí àbámodá, èyí tí í ṣe àbá mo dá.

Ẹni tí ó bá kọ èyí sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ yóò gba máàkì. Ṣùgbọ́n ìdajì ìmọ̀ ni ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìhun ń sọ bí a ṣe kọ́ ilé. Kò sọ ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.

Orúkọ tí ó ń sọ ohun tí ojú rí

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí patanmọ́, ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ọmọdé mọ̀. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, yóò pa ara rẹ̀ dé wẹ́rẹ́. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ rí ìṣe ewé náà, ó sì fi wé ìṣe ọmọbìnrin tí ó mọ ìtìjú, tí ó jókòó, tí ó sì pa itan rẹ̀ mọ́. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, ó sì tún jẹ́ ìròyìn. Ní ọdún 1753, Linnaeus, ará ilẹ̀ Súwídìn, tẹ ìwé ńlá kan jáde nínú èyí tí ó ti fún ewéko ayé ní orúkọ ọlọ́rọ̀ méjì méjì ní èdè Látìn. Mimosa pudica ni ó pe ewé yìí, pudica náà sì túmọ̀ sí onítìjú. Ènìyàn méjì tí kò pàdé rí, tí èdè wọn kò bára tan, wo ewé kan náà, àfiwé kan náà ni ó sì wá sí wọn lọ́kàn.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a ronú sí. Àwọn onímọ̀ ewéko sọ fún wa pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú patanmọ́ yìí ti wá sí ilẹ̀ wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ tí Odùduwà délẹ̀ ni a ti ń pe ewé yìí bẹ́ẹ̀. Àlejò dé, àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Èyí fi hàn pé ìsọmọlórúkọ ewé kì í ṣe àdììtú àtijọ́ tí ó ti kú. Ọgbọ́n tí ń mí ni.

Orúkọ náà kò wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Báyólójì ni yóò sọ pé ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ni oríkèé kékeré kan wà tí omi kún inú rẹ̀, pé bí nǹkan bá kan ewé náà, omi yóò sá kúrò ní apá kan oríkèé, ewé yóò sì tẹ̀ sílẹ̀. Lítíréṣọ̀ rí i, ó sì sọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní gbàgbé. Sáyẹ́ǹsì bi í léèrè ohun tí ó fà á. Kò sí ìjà láàárín wọn.

Rinrin náà rí bẹ́ẹ̀. Ewé kékeré tí ó máa ń hù ní ẹ̀bá ògiri àti ibi tí ó tutù ni, omi kún inú igi rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní etí mi, rin tí a fi ń sọ pé aṣọ rin gbindin ni mo ń gbọ́ nínú orúkọ yìí. Peperomia pellucida ni orúkọ rẹ̀ ní Látìn. Pellucida sì ni ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Èyí gba ọ̀nà omi, èyí gba ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ara ewé kan náà ni àwọn méjèèjì ń júwe. Ní ti dágunró, ẹlẹ́gùn-ún tí ó máa ń tẹ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán gba orí rẹ̀ kọjá kò nílò olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé bí ó ṣe lè dá ogun ró. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n orí òótọ́ ni a gbé àsọdùn náà lé.

Orúkọ tí ó ń pín ewé sí ìdílé

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá ń sọ ewé lórúkọ ni, kò mọ bí a ṣe ń pín wọn sí ìsọ̀rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹrú-ọ̀dúndún dá wọn lóhùn. Orúkọ kejì tí a ń pe àbámodá nìyí. Ọ̀dúndún ni ewé tútù tí gbogbo wa mọ̀, tí ewé rẹ̀ nípọn tí omi sì kún inú rẹ̀. Àbámodá náà nípọn, ó sì kún fún omi. Ẹni tí ó pè é ní ẹrú-ọ̀dúndún rí i pé àwọn méjèèjì jọra, ó sì fi àjọṣe inú agbo ilé júwe ìjọra náà: ọ̀dúndún ni onílé, èyí ni ẹni tí ó wá bá a gbé.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko sọ. Abẹ́ ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ewé méjèèjì sí. Ọ̀dúndún ni Kalanchoe crenata. Àbámodá ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Bryophyllum pinnatum, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn nínú àwọn onímọ̀ náà gbà pé Kalanchoe ni ó yẹ kí òun pẹ̀lú máa jẹ́. Wọ́n tún sọ pé erékùṣù Madagásíkà ni ó ti tàn káàkiri ayé. Àlejò tí ó wá dàpọ̀ mọ́ ilé ọ̀dúndún ni lóòótọ́! Ohun tí Linnaeus fi orúkọ àkọ́kọ́ nínú orúkọ méjì rẹ̀ ṣe, bí ẹni ń pe orúkọ ìdílé, ni Yorùbá fi ọ̀rọ̀ ẹrú àti onílé ṣe. N kò sọ pé àwọn baba wa ní ìlànà Linnaeus. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú tí wọ́n fi wo ewé kò ṣì í wò.

Orúkọ tí ó ń tọ́jú ìtàn

Àwọn orúkọ kan kò sọ ìwà ewé, ìgbà ni wọ́n ń sọ. Koríko kan wà tí ó máa ń gba oko tí a bá fi sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, Chromolaena odorata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìjà òṣèlú tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1962 yóò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ àti ìbú wà nínú orúkọ méjèèjì. Olùkọ́ báyólójì lè fi ewé yìí kọ́ ọmọ bí ewéko àjèjì ṣe ń gba ilẹ̀. Olùkọ́ ìtàn lè fi kọ́ ọ ní òṣèlú ayé àtijọ́. Olùkọ́ Yorùbá lè fi kọ́ ọ bí ará oko ṣe ń fi orúkọ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ewé kan ni, ẹ̀kọ́ mẹ́ta.

Ọfọ̀ àti iṣẹ́ Verger

Ẹni tí ó sapá jù lọ láti so ewé pọ̀ mọ́ ọfọ̀ rẹ̀ ni Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo tí a sì ń pè ní Fátúńbí. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní ọdún 1995, ọdún kan kí ó tó kú. Ohun tí ó ṣe tí ó fi yẹ kí a yìn ín ni pé ó kọ orúkọ Yorùbá, orúkọ Látìn, ohun tí a pò pọ̀, àti ọfọ̀ tí a pè sí i, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò ju ọfọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn akéwì, kò sì ju ewé sí ọ̀dọ̀ àwọn apòògùn. Ó ṣàkíyèsí pé lọ́pọ̀ ìgbà, sílébù kan nínú orúkọ ewé ni ó máa ń padà di ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé iṣẹ́ oògùn náà. Lójú rẹ̀, ọ̀nà ìrántí ni èyí jẹ́ fún àwọn tí kò kọ ìmọ̀ wọn sínú ìwé. Mo gbà pé òótọ́ ni.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni pé òǹkàwé lè ti ibẹ̀ fò lọ sí èrò pé nítorí tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú orúkọ, ewé náà ní agbára láti ṣe é. Òwe wa sọ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ìró tẹ̀tẹ̀ àti tẹ́ ni ó pe ara wọn. Ẹ̀fọ́ tí ń ṣe ara lóore ni tẹ̀tẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kò ní tẹ́ láé. Orí ìró nìkan ni èyí dúró lé.

Ẹ wá fi àbámodá wé e. Nínú orúkọ yìí, ìfẹ́-inú ènìyàn ni a gbọ́: àbá tí mo dá ni kí ó ṣẹ. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ewé yìí ni a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ lórúkọ? Ẹ já ewé kan lára rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tútù. Láìpẹ́, ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó ní gbòǹgbò tirẹ̀ yóò máa hù ní etí ewé náà yí ká. Ewé tí a já sọnù tún di igi! Bí àbá bá ń ṣẹ, báyìí ni yóò ṣe máa ṣẹ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohun tí ojú rí ni ó pàdé nínú orúkọ yìí.

Ìyàtọ̀ láàárín tẹ̀tẹ̀ àti àbámodá ni mo fẹ́ kí lámèyítọ́ ọfọ̀ máa wá. Àwọn ọfọ̀ kan dúró lórí ìró nìkan. Ìró àwọn mìíràn dúró lórí àkíyèsí. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá pẹ̀lú téèpù àti ìwé atúmọ̀ kò lè mọ èyí tí í ṣe èyí. Àfi kí ó jáde lọ wo ewé.

Orúkọ méjì fún asofẹ́yẹjẹ

Mo padà dé orí ìbéèrè tí a bi mí. Rauvolfia vomitoria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe asofẹ́yẹjẹ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ Rauwolf, dókítà ará Jámánì kan tí ó rin ìrìn-àjò kiri láti wá ewé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀rọ̀ kejì ń sọ ohun tí igi náà ń ṣe fún ẹni tí ó bá lò ó: ó ń mú ènìyàn bì. Ẹ gbé orúkọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Yorùbá wo orí igi, ó rí ẹyẹ tí ń ṣa èso pupa wẹ́wẹ́, ó sì fi èyí júwe igi náà kí ẹni tí a bá rán níṣẹ́ má baà gé òmíràn bọ̀. Ẹni tí ó fún un ní orúkọ Látìn wo inú ènìyàn. Kò sí èyí tí ó parọ́, kò sì sí èyí tí ó sọ ọ́ tán.

Ohun tí ó tilẹ̀ tóbi jù kò sí nínú orúkọ kankan nínú méjèèjì. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti ń fi egbò igi yìí tọ́jú wèrè. Ní ilẹ̀ Íńdíà, egbò ìbátan rẹ̀, Rauvolfia serpentina, ni wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine láti ara ti Íńdíà. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ó máa ń mú kí ara balẹ̀, ó sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954, a pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi egbò yìí wo wèrè.

Ṣùgbọ́n èròjà yìí kan náà, bí ó bá pọ̀ jù, lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi ewu, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ẹni tí ń lò ó. Níbí ni mo ti rí ààlà iṣẹ́ orúkọ àti ti ọfọ̀. Orúkọ lè sọ irú igi tí ó jẹ́. Ọfọ̀ lè sọ ohun tí a ń fẹ́ kí ó ṣe. Kò sí èyí tí ó sọ ìwọ̀n. Orí òye oníṣègùn tí ó ti lò ó pẹ́ ni ìwọ̀n wà, ibẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n sáyẹ́ǹsì ti wúlò jù lọ.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni orín àtà, pákò tí ó máa ń ta ni lẹ́nu. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, Sofowora pẹ̀lú wọn, tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi tí àwọn fà yọ láti ara gbòǹgbò igi yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ oní-sickle cell tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Inú ìgò àyẹ̀wò ni èyí ti ṣẹlẹ̀, wọn kò sì sọ pé àwọn ti rí ìwòsàn. Irú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí ni ó yẹ kí àwa náà kọ́. Ẹni tí ó bá dán nǹkan wò mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé.

Ibi tí orúkọ ti ń ṣini lọ́nà

Ewu kan ṣì kù. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé púpọ̀. Dágunró tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ewé kan náà sì lè ní orúkọ mẹ́ta bí ó bá ti kọjá ìlú mẹ́ta. Àwa tí a wà ní agbègbè Òpin mọ èyí dáadáa, nítorí pé ẹ̀ka-èdè wa súnmọ́ ti Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a fi ń kọ́ni jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọmọ lè gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlọ́fà kí ó sì ka òmíràn nínú ìwé, kí ó rò pé ewé méjì ni. Nítorí èyí ni ìwé tí Z. O. Gbilẹ̀ ṣe jáde ní ọdún 1984 láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn fi ṣe pàtàkì: ó to orúkọ Yorùbá àti orúkọ Látìn ewéko pọ̀. Kò yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ igbó nìkan. Ìwé olùkọ́ Yorùbá ni.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò pọ̀. Nígbà tí a bá ń kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, kí a mú ewé gan-an wá sí kíláàsì. Kí a pe olùkọ́ báyólójì kí ó bá wa dúró níwájú pátákó fún wákàtí kan. Kí a rán àwọn ọmọ sí àwọn eléwé-ọmọ ní ọjà, kí wọ́n kọ orúkọ tí ìlú wọn ń pe ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì béèrè ìdí orúkọ. Kí a sì kìlọ̀ fún wọn pé orúkọ kì í ṣe àṣẹ láti jẹ tàbí láti mu. Ní ti ẹni tí ń múra ìdánwò, bí a bá ní kí ó ṣe àgbéyẹ̀wò ọfọ̀, kí ó má ṣe dúró ní orí ìfọ̀rọ̀dárà; kí ó béèrè bóyá orí ìró nìkan ni ìfọ̀rọ̀dárà náà dúró lé, tàbí orí ìwà tí a rí lára ewé.

Àwọn kan yóò sọ pé sáyẹ́ǹsì kò ṣeé fi Yorùbá kọ́. Ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí láti ọdún 1970 ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tún fagi lé e. Ìlànà ń yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tí ó ní kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ báyólójì má pàdé nídìí ewé.

Àgbálọgbábọ̀

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a tẹ̀ lé kò jìnnà sí wa. Òsí yìí ni ìlú Arẹógún, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, tí ó sì kú ní ọdún 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, wà lára àwọn tí ó bá Fáda Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947. Ère Ẹ̀pà wúwo, orí ènìyàn ni yóò sì gbé e jó. Ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ igi tí kì í là bí ó bá gbẹ, àti igi tí ẹnu àwọn kòkòrò kò tètè ràn. Kò sí ẹni tí ó wo ère wọn tí ó béèrè bóyá onímọ̀ igi ni wọ́n tàbí oníṣẹ́ ọnà. Wọ́n mọ igi kí wọ́n tó dá ọnà sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí lámèyítọ́ mọ ewé kí ó tó dá sí ọfọ̀.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, mo ti dá a lóhùn. Èmi àti olùkọ́ báyólójì ni a jọ dúró níwájú kíláàsì, ẹ̀ka asofẹ́yẹjẹ kan wà lórí tábìlì, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ méjèèjì sí ojú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní, “Orúkọ tí baba wa sọ ọ́ kò sọ pé kí ènìyàn jẹ ẹ́. Ẹyẹ ni ó dárúkọ.” Ó wo orúkọ kejì, ó ní kí olùkọ́ báyólójì túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Nígbà tí ó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sà, a jẹ́ pé orúkọ méjèèjì ni kí á máa kọ́ pọ̀.” Èmi pẹ̀lú kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi kún un.